Táyà Tí Mo Fi Bo Orúnkún Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí èéfín rọ́bà kún ẹ̀yìnkùlé wa ní Ajah, tí mo jókòó ti ààrò, tí mò ń fi ìṣó gbígbóná lu ihò sára àjókù táyà. Ìyá mi ń wúkọ́ nínú ilé, ó ń béèrè irú aṣọ tí wọ́n ń fi táyà rán. Mo tún ti ìṣó mìíràn bọ iná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù nídìí iṣẹ́ aránṣọ ni, mo sì gbà pé kò sí ohun tó bàjẹ́ láyé yìí tí abẹ́rẹ́ mi kò lè tún ṣe.

Ìgbà tí wọ́n ń la títì ńlá tó ti Èkó wá sọ́dọ̀ wa ni. Kó tó di ìgbà náà, yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ wa. Àgbọn wà lápá òkun, èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o lọ sí Èkó wà lápá ọ̀sà. Àfẹ́sọ́nà mi a máa gun àgbọn, a gé e, a sì fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí èbúté, àpò méjì lórí káríà. Ìgbà tí àwọn tó ń la títì dé, típà wọn da erùpẹ̀ pupa sí àárín òkun àti ọ̀sà, ó ga ju òrùlé ilé wa lọ, kò sì sí ibòmíràn tí a lè gbà. Àwọn ọkùnrin wa a ti kẹ̀kẹ́ gòkè tẹrù-tẹrù, wọn a sì gùn ún sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bíréèkì kì í mú níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí orúnkún tàbí ìgúnpá ẹnì kan má bó.

Àfẹ́sọ́nà mi kò ní ilẹ̀, kò ní ọkọ̀ ojú omi. Orúnkún méjèèjì tó fi ń gun igi ni gbogbo ohun tó ní, àwọn náà sì ni mo gbójú lé pé a ó fi jẹun nílé ọkọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ni mo bá pinnu pé n ó wá ohun tí yóò máa wọ̀ sí orúnkún àti ìgúnpá bó bá ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta bọ́ọ̀lù àti jẹ́sì. Ó mú èyí tí àwọn gólíkípà ń wọ̀ sí orúnkún jáde fún mi, fóòmù nínú, awọ funfun tó ń dán lóde. Mo fọwọ́ pa á, ọwọ́ mi yọ̀ lórí rẹ̀.

“Ọ̀gá, èyí ò lè di nǹkan kan mú o,” mo wí.

“Àǹtí, ta ló ní kó di nǹkan mú?”

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ọjà tí kò tà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹ́ gbé fún ará oko. Mo padà sílé, mo gbójú lé ohun tí mo mọ̀.

Agungi ni bàbá mi náà nígbà èwe rẹ̀. Táyà ló fi ń bo orúnkún àti ìgúnpá, ojú táyà tó rí gbágungbàgun ló sì máa ń kọ síta, kó lè di ara igi mú, kí òun má baà yọ̀ ṣubú. Ó so wọ́n kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo tọrọ wọn, ó gbọn orí.

“Nǹkan igi lèyí. Kì í ṣe nǹkan ilẹ̀.”

“Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà fi ṣiṣẹ́ lọ́dún gbọọrọ, ẹ ò fara pa.”

“Mo ní nǹkan igi ni.”

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ń là á yé ènìyàn. Ọgbọ́n ológbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n èmi kò bi í ní ìdí. Mo gbà pé ahun ló ń ṣe, nítorí kò tíì fi gbogbo ara fẹ́ ọkùnrin náà fún mi. Mo wo bí tirẹ̀ ṣe rí, mo gé òmíràn, mo fi àkísà tẹ́ inú rẹ̀, mo kọ ojú rẹ̀ gbágungbàgun síta. Kódà mo yan táyà tí ojú rẹ̀ le jù. Mo rò pé mo gbọ́n.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Katapílà. Kò bínú. Ó ń sọ fún wọn pé ìyàwó òun ló rán an, bẹ́ẹ̀ a kò tíì ṣe ìgbéyàwó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ lọ bá a nísàlẹ̀ òkìtì náà. Mo rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Táyà iwájú rì, ó sì ṣubú bí àwọn yòókù ṣe máa ń ṣubú. Ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá ṣubú, wọn a yọ̀ tẹ̀lé erùpẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, wọn a dìde, wọn a máa gbọn ara wọn. Òun kò yọ̀. Orúnkún rẹ̀ dúró síbi tó ti kan ilẹ̀, ara rẹ̀ àti àgbọn sì ń lọ. Mo gbọ́ ìró bí orúnkún náà ṣe lọ́ láti ibi tí mo dúró sí. Ìgbà tí a tú táyà kúrò, awọ ara kò tilẹ̀ bó. Gbogbo ènìyàn ń kí mi, wọ́n ní ohun tí mo rán ló yọ ọ́. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bàbá tó ń to egungun ṣe é títí, kò rí i ṣe. Ọsibítù ní ó ti pẹ́. Orúnkún náà gan pa, kò sì gun igi mọ́ títí di òní. A fẹ́ ara wa ṣá. Ó ń hun àwọ̀n fún àwọn apẹja níjòókòó, èmi ń ránṣọ, a sì ń fi díẹ̀ tí a ń rí gbọ́ bùkátà. Nínú ọmọ mẹ́rin tí a bí, méjì péré ni agbára wa gbé láti rán nílé ìwé.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo lọ wọn kọ́tìnnì nílé kan ní ẹ́sítéètì àwọn olówó tó wà nítòsí wa. Ọmọ ilé náà ń gun kẹ̀kẹ́, ó wọ nǹkan sí orúnkún àti ìgúnpá. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń dán bí abọ́ tánganran. Mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tó fi ń dán tó bẹ́ẹ̀.

“Màmá, ó gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí kóńkéré ni. Tí ò bá yọ̀, á há, á wá lọ́ orúnkún wọn.”

Mo ká okùn ìwọnṣọ mi. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo lọ sílé.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí n ó fi ṣe. Bàbá mi ti kú, n kò lè bẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ mi kò lè tẹ̀ mọ́. Ọkọ mi jókòó sí ìloro pẹ̀lú àlejò kan lọ́jọ́ náà, àlejò ń béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́: pé bí kì í bá ṣe táyà tí ìyàwó òun rán, gígé ni wọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun pàdánù mi. Mo dáhùn pé àmín.