Wọ́n Ní Olóògbé Ń Pẹ́ Dé Iṣẹ́

Màmá Kí-Ló-Dé, tíṣà tó kọ́ wa ní ìṣirò ní iléèwé girama, kú kí sáà tó wọlé. Nígbà tí sáà parí, ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀ dé ilé: "Ó máa ń pẹ́ dé. Kò gba àtúnṣe." Irọ́ kọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò yọjú rárá.

Ọdún kìíní ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa gbólóhùn òkè yẹn rẹ́. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa dá ọ̀gá lẹ́jọ́? Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ṣé èyí ni wọ́n máa fi rántí màmá mi?"

Ni mo bá gba ọ́fíìsì olùbẹ̀wò iléèwé tó buwọ́ lù ú lọ. Akọ̀wé wo ìwé, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin yìí ti kú."

"Ṣé ó kọ̀wé pé òun ò ní wá ni?"

"Báwo lòkú ṣe ń kọ̀wé?"

"Àbúrò, kò sí àyè 'ó ti kú' nínú fọ́ọ̀mù. Ti ọdún tó kọjá ni wọ́n dà kọ."

Ti ọdún tó kọjá náà ńkọ́? Ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni! Ọdún mọ́kànlá ni olùbẹ̀wò fi ń jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, tó ń mu mínírà tútù, tó ń fún Màmá ní máàkì. Kíláàsì wa kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún ni?

Bẹ́ẹ̀, ọdọọdún ni Màmá máa ń sáré bá a nídìí mọ́tò. "Ọ̀gá, ẹ ní mi ò dáa tó. Mo gbà. Kí ni kí n ṣe tí màá fi dáa sí i?"

"Ẹ máa gbìyànjú, Màmá."

Ìmọ̀ràn ńlá! Ẹni tó ń rì sódò, ẹ ní kó máa gbìyànjú.

Màmá ní tirẹ̀ kì í fún wa ní máàkì lásán. Nígbà tí mo gba òdo, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìlà kẹta lo ti ṣìnà. Kí ló dé? Padà síbẹ̀, mo ń dúró dè ọ́." Ó sì dúró lóòótọ́, tó ń fi bàtà rẹ̀ tó ti jẹ ní gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, títí mo fi rí ibi tí mo ti ṣìnà. Òdo yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ di tíṣà.

Nítorí náà, kí wọ́n fa ìwé yẹn ya. Kí ẹni tó buwọ́ lù ú jáde wá ṣàlàyé. Kí wọ́n bi àwa tó jókòó níwájú Màmá léèrè ohun tí a rí. Ní ti àwọn tíṣà tó ṣì wà láàyè, ẹ̀yin olùbẹ̀wò, ẹ wọ kíláàsì wọn kí ẹ tó gbé bírò, kí ẹ sì sọ ohun tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Màmá ti kọ́ mi bí a ṣe ń fúnni ní máàkì:

Olùbẹ̀wò, òdo. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì lẹ ti ṣìnà. Kí ló dé? Ẹ padà síbẹ̀, a ń dúró dè yín.