Ẹsẹ̀ Ọmọ, Ìrìn Ìyá

Níbi iṣẹ́ ìyá náà, Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù kì í ti í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára ẹni. Láti òwúrọ̀ ni yóò ti máa kó aṣọ ibùsùn tó mọ́ gòkè, tí yóò sì máa kó èyí tó dọ̀tí sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ agbénigòkè wà, ṣùgbọ́n kì í ní sùúrù fún un. "Kí àpótí yẹn tó ṣílẹ̀kùn," á ní, "mo ti lọ, mo ti bọ̀." Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí i tó jókòó, kí ẹnì kan tètè sáré pe dókítà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, jogún ẹsẹ̀ náà. Bọ́ọ̀lù ló fi tirẹ̀ gbá. Nílé-ẹ̀kọ́, Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá ti gba bọ́ọ̀lù létí pápá, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni àwọn tó ń lé e máa ń rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta á nípàá, kò sẹ́ni tó tì í. Ó ń sáré lọ, ó fẹ́ ṣẹ́rí lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ara rẹ̀ yí. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ìró kan, pá! bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá kán.

Okùn iṣan kan tó di eegun itan mọ́ eegun ojúgun nínú orúnkún ló já. Dókítà oníṣẹ́ abẹ mú lára iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀, ó fi ṣe òmíràn síbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Tèmi ti parí. Ó ku tiyín."

Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà ni obìnrin tó ń fi ìdárayá tún ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ṣe, tí tọmọdé tàgbà ọsibítù ń pè ní Físíò. Ó kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn sí nílé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò lójú òun. Bó bá bi wọ́n léèrè, kálukú á ní òun ń gbìyànjú. Ìdí nìyí tó fi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, tí wọn yóò máa fi bẹ́líìtì onírọ́bà dè mọ́ ìbàdí. Bí ọmọ bá jókòó, ẹ̀rọ mọ̀. Bó bá dìde, bó bá rìn, bó bá gun àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ mọ̀. Bí wọ́n bá padà wá, Físíò á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á sì jáde bí ìlà.

"Amí lẹ so mọ́ mi nídìí yìí o," ni ọmọbìnrin náà wí.

Físíò rẹ́rìn-ín. "Amí tèmi kì í fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ohun tó bá rí nìkan ló ń sọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n padà lọ, ìlà àwọn ọmọ yòókù ń lọ sókè sódò bí òkè kéékèèké. Tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Físíò kò jágbe. Ó kàn bi í pé kí ló dé, ọmọ náà ní ó ń dun òun. Físíò ní ó dáa, díẹ̀díẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ojú ń ti ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi délé. Òun tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀! Òun ló bí ọmọ tó jókòó kalẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì! Ó bẹ ọmọ náà, ó bá a wí, ó ní òun yóò ra bàtà tuntun fún un. Pàbó ló já sí. Orí àga ni ọmọ wà, ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí, fóònù lọ́wọ́. Bí ìyá bá ní kó dìde, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ó ń dùn mí, Mà." Ìyá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀lẹ ló wọ ọmọ òun lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ bọ́ ẹ̀rọ sórí tábìlì, ó lọ wẹ̀. Ìyá ń múra iṣẹ́. Ó wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà wò ó.

"Jẹ́ kí n bá ẹ gbé amí yìí rìn díẹ̀ lónìí," ló ké sí ọmọ.

Ọmọ dáhùn láti ilé ìwẹ̀, "Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ o, Mà!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀fẹ̀ ni lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Láràárọ̀, ọmọ á na ẹ̀rọ síta láìwo ojú ìyá rẹ̀, ìyá á dè é mọ́ra lábẹ́ aṣọ iṣẹ́, ó di òtẹ́ẹ̀lì. Ó gun àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rù, ó sọ̀. Lálẹ́, á dá a padà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn ń fún ọmọ láyè díẹ̀ ni, pé bó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ yóò rìn fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó kọjá.

Ayọ̀ Físíò kò kéré nígbà tó rí ìlà tuntun náà. "Ẹ wo òkè! Ẹ̀fúùfù ti dé!" Ó yí padà sí ìyá. "Màmá, ṣé lóòótọ́ ló ń rìn báyìí nílé?"

"Ó ń rìn," ni ìyá wí. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

Físíò wọn itan ọmọ náà. Ó ní ẹsẹ̀ yìí ṣì tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tún wo kọ̀ǹpútà, ó mi orí bí ẹni tó gbà. "Pẹ̀lú ìrìn tó pọ̀ tó báyìí, kò séwu. A lè bẹ̀rẹ̀ sí í fò."

Ó gbé àpótí pẹlẹbẹ kan síwájú tìmùtìmù, ó ní kí ọmọ gun orí rẹ̀, kó sì rọra fò sílẹ̀. Ọmọ gùn ún. Kó tó fò, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè ìyá bí omi gbígbóná tó kún ẹnu, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù. Ó yíjú sí fèrèsé.

Ó gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ kó tó yíjú padà. Orúnkún náà ti yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ti ṣubú síbi ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù, ó di ẹsẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ọ̀gá Físíò, bàbá arúgbó kan tí kì í gbóhùn sókè, dé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi yìnyín sí orúnkún tó ti ń wú. Bàbá náà béèrè ẹni tó ní kó fò.

"Èmi ni, sà," ni Físíò wí. "Mo kánjú. Ẹ̀bi mi ni."

"Kó o dá ìwádìí yẹn dúró ná," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Tá a bá rí fọ́tò inú orúnkún, a ó mọ èyí tó kàn."

Ọmọ dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n fi ìyá jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan bu omi tútù fún un, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀." Ẹlòmíràn fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Gbogbo wọn ló ń ṣàánú rẹ̀. Ó di ife omi mú, kò lè mu ún. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá tù ú lára jù báyìí lọ. Nígbà náà ló rí Físíò ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó kọjú sí ògiri, tó ń fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú. Ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, ó ń ru ẹrù ẹlẹ́rù.

Àwọn àgbà ní irọ́ lè lọ fógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tirẹ̀ kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ife sílẹ̀, ó wọ ọ́fíìsì bàbá náà, ó sì ní kí wọ́n pe Físíò wá.

"Ẹ má bá a wí," ló bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni mo rìn."

"Ẹ rìn lọ síbo?" ni bàbá náà béèrè.

"Ìrìn tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, èmi ni mo rìn ín, níbi iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń wọ ẹ̀rọ náà. Ọmọ mi kò rìn rárá."

Bàbá náà wo Físíò. Físíò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì gbẹ. "Màmá, mo bi yín. Mo wojú yín, mo bi yín."

"Ẹ bi mí."

"Ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, ṣé ẹ rò pé ìtìjú ni? Irú rẹ̀ gan-an ni mò ń wá. Òun ni ì bá sọ fún mi pé nǹkan ń ṣe ọmọ yìí tí kò lè fẹnu sọ. Ẹ fi òkè bò ó mọ́lẹ̀."

Ìyá bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Físíò ní òun gbọ́. Kò sọ pé kò sí nǹkan, nítorí pé nǹkan wà.

Fọ́tò jáde: okùn tuntun náà kò já, ṣùgbọ́n inú orúnkún ti ṣèṣe. Wọ́n dá ọmọ padà sórí ọ̀pá abẹ́ abíyá, gbogbo ohun tó ti yẹ kó kọjá, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn lọ sílé, ọmọ ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ? Èmi ì bá má sọ láéláé."

"Mo mọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn."

Ọmọ fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. "Mà, kì í dùn mí."

"Kí ni kì í dùn ẹ́?"

"Orúnkún yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́. Ìró yẹn ni. Tí mo bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ báyìí, mo máa ń gbọ́ ọ: pá!"

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn gba ẹsẹ̀ mi wọ̀, ẹ gbé e lọ síbi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà bá ìyá wọlé, ó bá a dé òtẹ́ẹ̀lì, ó ń bá a gun àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ́ ohun tó nira jù fún un láyé: ó kọ́ ìjókòó. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó ti ọmọ, á bi í ohun tó gbọ́ lónìí nínú orúnkún yẹn, á sì dákẹ́ gbọ́ èsì. Nígbà tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti ẹnu ọ̀nà dé géètì, láti géètì dé ìkóríta. Ọmọ ló ń ṣíwájú. Ìyá á máa fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń di ewúrẹ́ mú, kó má baà ya ọmọ sílẹ̀. Àwọn ìgbà kan wà tí ọmọ á dúró láàárín títì, tí ojú rẹ̀ á yí padà. Ìyá náà á dúró. Kò ní sọ pé "ó yá".

Wọ́n dá ìwádìí Físíò padà fún un, ṣùgbọ́n ó ní láti yọ gbogbo àkọsílẹ̀ ọmọbìnrin náà kúrò nínú rẹ̀. Ó ń tọ́jú rẹ̀ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń kí ìyá dáadáa. Àmọ́ bó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé, ọmọ ló ń bi. Kì í yíjú sí ìyá mọ́. Ìyá mọ ìdí rẹ̀. Ó ń jókòó síbẹ̀, ó ń gbà á.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń retí kó kàn wọ́n, bàbá kan jókòó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ de ẹ̀rọ mọ́ nídìí. Bàbá náà jẹ́ aláwàdà. Ó ní bí ọmọ òun kò bá fẹ́ rìn, òun mọ ohun tí òun yóò ṣe: òun yóò de ẹ̀rọ náà mọ́ ajá àwọn lọ́rùn, kí wọ́n rí i bóyá kọ̀ǹpútà kò ní gbó. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ìyá dìde, ó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò dín in, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìyá parí, ọkùnrin náà bi í pé, "Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn wá ńkọ́?"

"Ẹ wò ó," ni ìyá wí. Wọ́n ti pe ọmọ rẹ̀. Ó ń gun àtẹ̀gùn kúkúrú tó wà nínú yàrá ìdárayá, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń dúró lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gba èkejì.