Bàbá Má-Pa-Á-Dé àti Ẹ̀rọ Tó Ń Sùn

Ọjọ́ tí Bàbá Má-Pa-Á-Dé gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ni gbogbo àdúgbò ṣì ń sọ títí dòní. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá gbé ẹ̀rọ náà lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ojú rẹ̀ ń tàn yanran, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbòjò. Orí ẹ̀rọ ni agbòjò wà. Bàbá rin gbindin, ìyàwó rẹ̀ rin gbindin, ẹ̀rọ nìkan ló gbẹ.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nǹkan yìí dé ká lè sáré!"

"Tí mo bá pa á dé, á sùn. Tó bá sùn, kò ní jí. Ṣé ìwọ lo máa bá mi jí i?"

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí bàbá jókòó kí àwọn lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà, bàbá gbé láptọ́ọ̀pù jókòó síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kò mọ nǹkan kan, na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà dé kó lè gbé e sílẹ̀.

"MÁ PA Á DÉ!"

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ nínú yàrá kejì fò dìde. Ife omi bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọmọ kan tó ti ń ké látàárọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Dókítà fúnra rẹ̀ sáré jáde, ó wọn bàbá tán, ó mi orí.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti ga jù."

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀," ni bàbá fèsì, ojú rẹ̀ wà ní igun ẹ̀rọ. "Tèmi ń gòkè, ti èyí ń lọ sílẹ̀. Mọ́kàndínlógún péré ló kù nínú bátìrì. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yín dà?"

Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Àwọn ọmọdé a máa fi kí i lójú títì, òun náà a sì máa dáhùn.

Kó tó fẹ̀yìn tì, mítà iná ni bàbá ń kà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, bírò létí, ìwé lábíyá, tí ajá ń gbó mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ló dùn ún nínú iṣẹ́ náà: òjé tí wọ́n fi di ojú mítà pa. Wọ́n jẹ́ kó ka nọ́ńbà, wọn ò jẹ́ kó ṣí i wo inú rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," á ní, "mo ń kí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n wọlé rí."

Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, gbé láptọ́ọ̀pù àlòkù kan fún un. Línọ́ọ̀sì, ètò kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà ṣàlàyé pé ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn tó kọ ọ́ kò tì í pa, pé ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí i, kó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó sì tún un kọ bó ṣe wù ú.

Bàbá dìde lórí àga. "Kò sí òjé lára rẹ̀?"

"Kò sí òjé kankan, Bàbá."

"Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún gan-an, mo lè wọ ibẹ̀?"

"Ẹ lè wọ ibẹ̀."

Ó tán. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ń wá bàbá, kó wá a nínú ẹ̀rọ.

Ó fa ìlà sínú ìwé ńlá kan bó ṣe máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́: ọjọ́, aago, iye iná tó kù nínú bátìrì, àti ẹni tó wà nítòsí. Ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ni ti ẹni tó wà nítòsí nínú ọ̀rọ̀ bátìrì. Bàbá wò ó tàánútàánú. "Mítà kì í dédé sáré, ọmọ mi. Ẹnì kan ló máa ń wà nídìí rẹ̀."

Àìsàn àkọ́kọ́ ni ti pé bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà dé, a sùn, bí wọ́n bá ṣí i, ojú rẹ̀ a dúdú kirikiri, kò ní jí. Bàbá kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó Línọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ rẹ̀ sì ń bá a túmọ̀ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Ṣé dáadáa la bá yín? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú yín, ara rẹ̀ á yá." Ojú ìwé kan ààbọ̀ ló fi kí wọn kó tó dárúkọ ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan tó wà lókè òkun fèsì ní ìlà kan: ẹ̀dà wo lẹ ń lò?

Bàbá kọ ojú sí ògiri. "Ọmọ yìí kò kí èèyàn."

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé níbẹ̀ nìyẹn."

"Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ni. Kọ ọ́: 'Ara mi le, mo dúpẹ́. Ìyá rẹ ńkọ́?'"

Nígbà tí yóò fi di lẹ́tà kẹrin, ọkùnrin òkè òkun náà ti ń béèrè pé ṣé orúnkún ìyàwó bàbá ti fúyẹ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Lóṣù kejì, ó fi ìlà àṣẹ kan ṣoṣo ránṣẹ́ pé kí bàbá kọ ọ́ sínú fáìlì kan báyìí. Bàbá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Ó pa ẹ̀rọ dé. Gbogbo ilé di èémí mú. Ó ṣí i. Ojú rẹ̀ tàn!

Bàbá gbé e jáde. Ó pa á dé, ó ṣí i fún káfíńtà òdìkejì títì. Ó pa á dé, ó ṣí i fún onígbàjámọ̀, tòun ti ẹni tí wọ́n fá orí rẹ̀ ku ìlàjì. "Ó sùn! Ó jí! Ó sùn! Ó jí!" Ó kọ ìlà náà sórí páálí, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí pé páálí ga ju fọ́tò lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í sì í ṣófo: okùn kékeré kan wà lọ́rùn ọwọ́ náà tó ní irin òòfà lórí, òun ló ń gbá píìnì mú fún un tó bá ń gé aṣọ. Ó ti wọ̀ ọ́ pẹ́ débi pé kò mọ̀ mọ́ pé òun wọ nǹkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù kó wo fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ẹ̀rọ sùn.

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mo jókòó ni."

"O jókòó báwo?"

"Bàbá wọn, ọ̀nà mélòó ni èèyàn ń gbà jókòó?"

Ọ̀rọ̀ di ìwádìí. Bàbá ní kó bọ́ bàtà. Ẹ̀rọ sùn. Ó ní kó pààrọ̀ aṣọ, kó wá láti apá ọ̀tún, kó jókòó láìmí. Ẹ̀rọ sùn, ìyàwó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Bàbá wọ inú ẹ̀rọ lọ, ó pa gbogbo ohun tó lè mú un sùn, àfi ìlà kan tó wà lára ògiri yẹn. "Oṣù méjì ni mo fi wá ìlà yẹn," ó ní. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ ni."

Wọ́n pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lápá ìsàlẹ̀ títì. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n nu gbogbo rẹ̀, kí n fi èyí tí gbogbo ayé ń lò sí i."

"Gbogbo ayé ló ń ṣe òtútù náà. Ṣé kí n lọ ṣe é?"

Ọkùnrin náà jókòó ti ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ̀rọ kò tòògbé. Ló bá ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìyá gbé omi wá fún un, ó fi ọwọ́ òsì ti ẹ̀rọ díẹ̀ kí ife lè ráyè. Ẹ̀rọ sùn. Ọkùnrin náà wo ìyá, ó wo ẹ̀rọ, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ mi kọ́ nìyí. Ẹ wá wòlíì."

Bàbá wá ní òfin kan. Bí ẹ̀rọ bá sùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí òun lè kà á bóyá iná bátìrì ń jò dànù lójú oorun. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà, kò sí nǹkan tí ọkọ àti ìyàwó lè ṣe ju kí wọ́n wo ara wọn. Bàbá a ní, "Ìyá wọn, ṣé o rántí onílé wa àkọ́kọ́, tó ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láti ka iye páànù omi tí a dà sára?" Ìyá a ní, "Ẹni tí ẹ kọrin fún láti inú balùwẹ̀ ńkọ́? 'Ó ku méjì, ó ku kan'?" Wọn a sì rẹ́rìn-ín títí aago á fi pé.

Lẹ́yìn náà, bíi ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, bàbá a pariwo láti pálọ̀: "Ìyá wọn! Wá jókòó díẹ̀, mo fẹ́ dán nǹkan kan wò!" Ìyá a dìde nídìí aṣọ oníbàárà, a máa kùn. "Ẹ ti sọ mí di irinṣẹ́." A jókòó, ẹ̀rọ a sùn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń dun ìyá. Ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀rọ yẹn kò fẹ́ rí mi. Bàbá yín kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn kúrò lójú òun. Ìwọ tó o jẹ́ olùkọ́, bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀."

Bàbá fayé sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí àga rẹ̀, tòun ti bírò létí. Láptọ́ọ̀pù wà níwájú rẹ̀ ní ṣíṣí. Àwọn ará àdúgbò wọlé, wọ́n jáde, wọ́n sunkún, wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n to àga. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó láyà láti pa á dé.

Lóṣù kejì, ìyá ní òun kò fẹ́ rí ẹ̀rọ náà nílé mọ́. Wọ́n ní kí alátùn-únṣe wá lọ́jọ́ Sátidé, kó nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá jókòó sídìí rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọkọ òun fi ọdún mẹ́ta wò tí kò fi wo ojú òun tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ẹ̀rọ sùn. Ó jí i. Ẹ̀rọ sùn.

Ni ìyá bá bú sẹ́kún. "Bàbá wọn kú tán, kò tún jẹ́ kí n mọ̀!"

Ọmọ rẹ̀ sáré wọlé. "Ẹ má sunkún, Màmá. Ìwé wọn ló wà níbí, ẹ jẹ́ ká kà á."

Ó ṣí i. Lábẹ́ ẹni tó wà nítòsí, bàbá ti kọ ọ́: Ìyá wọn. Ìyá wọn. Ìyá wọn. Ojú ìwé mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, bírò pupa.

"Mo ti rí i," ni ọmọ náà kà. "Píìnì kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ lónìí lẹ́yìn tó dìde. Irin òòfà kan wà lára ìdérí ẹ̀rọ yìí, òun ló ń sọ fún un pé wọ́n ti pa á dé, kó sùn. Èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́ ìyàwó mi ń purọ́ fún un. Ẹ̀rọ kò ní àìsàn."

Àwọn méjèèjì wo ọwọ́ òsì ìyá. Ọmọ náà wo déètì. "Màmá, ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n kọ èyí!"

"Ó mọ̀?" Ìyá nu ojú. "Ó mọ̀! Oṣù tó kú gan-an, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kan dúró!"

"Ó kù, Màmá. 'Mi ò ní sọ fún un. Tí mo bá sọ, á máa bọ́ ọ kó tó jókòó, ẹ̀rọ kò ní sùn. Á wo fọ́tò tán, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, èmi náà á tún kojú sí tèmi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ló dùn jù nínú ọjọ́ mi.'"

Láti ojú ìwé yẹn lọ, ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ka nọ́ńbà kò kọ nọ́ńbà kankan mọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Ó sùn. A sọ ti onílé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sùn. Ó ń bínú sí mi, kò pẹ́ tó fi rọ̀. Ó sùn. Ó ń kọrin lábẹ́nu, kò mọ̀ pé mò ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí ìwé fi kún.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. "Alárèékérekè! Ọkùnrin yìí! Ẹ fi mí sílẹ̀ tí mò ń jowú irin!" Ó gbá ìwé náà mọ́ àyà.

"Kí n sọ fún alátùn-únṣe kó má wá mọ́?" Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, ó sì ń na ọwọ́ sí ẹ̀rọ láìrò ó.

"MÁ PA Á DÉ!"

Ní òdìkejì títì, òòlù bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà. Ó dúró, ó wo ilé náà pẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá wo aago ara ògiri. "Ó sùn ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la máa ń dúró. Fa àga yẹn."

Ọmọ rẹ̀ fa àga, ó jókòó.

"Ṣé mo ti sọ ti onílé wa àkọ́kọ́ fún ẹ rí?"