Jíìpù Àríyọ̀ Tó Ń Fi Páìpù Mí

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan tán láyé, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ wá sí Ìgànná, kí ẹ béèrè ilé Àríyọ̀. Ẹni tí ẹ bá bi yóò kọ́kọ́ pòṣé kó tó nawọ́ sí i. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì máa ń gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí òórùn kan ń dà láàmú láti ilẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ó wakọ̀ fún àwọn òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ kiri ní apá Ṣakí. Ọdún mẹ́ta péré ni, àmọ́ ọdún mẹ́ta yẹn kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ títí dòní. “Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó” ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ iṣu.

Ta ni Àríyọ̀ kò kẹ́gàn rí? Ọlọ́kadà, kòkòrò lásán ni lójú rẹ̀. Mẹkáníìkì, olè tó wọ aṣọ ìdọ̀tí ni. Pásítọ̀ àdúgbò ń gbàdúrà gùn jù, lèmọ́ọ̀mù ń sáré jù. Misturat ìyàwó rẹ̀, tó ń yan gàrí tí gbogbo ilé fi ń jẹun, kò mọ gàrí yan tó bí Àríyọ̀ ì bá ṣe yàn án, ká ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ é. Ṣíọ̀! Ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń jẹ gàrí náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí kì í yọ ṣùtì sí. Ìyá rẹ̀ ni. Abà Olókè ni màmá náà ń gbé, ní òdìkejì odò, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí wọn kò tíì bẹ̀ ẹ́ kó fi adìyẹ àti ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀ wá sí ìlú. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, tó fi di pé òjìji lásán ló ń rí, tó ń fọwọ́ wá ìkòkò kiri nínú ilé ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìgànná wá sọ fún Àríyọ̀ pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò fi ṣiṣẹ́, wọn yóò sì ṣí nǹkan náà kúrò lójú ẹni tó bá tètè dé. Bí èyí bá fo màmá ru, ó di ọdún tó ń bọ̀, bí ojú bá ṣì kù tí wọn yóò ṣí nígbà náà. Àríyọ̀ búra pé òun fúnra òun ni yóò gbé ìyá òun lọ. Inú jíìpù òun ni yóò jókòó sí, níwájú, bí ìyá ọlọ́lá.

Odò ló wà láàárín wọn. Kò ní afárá. Àwọn kan wá ri òpó méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà ìbò, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Lékèélékèé ló ń sinmi lórí òpó náà báyìí. Ohun tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ni òkúta tí àwọn baba ńlá àwọn ará abà tò sí ìsàlẹ̀ omi, tí kò fẹ̀ ju ọkọ̀ kan lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé ń rí i. Bí òjò bá dé tí omi bá pọ́n, ojú ẹnikẹ́ni kò tó o mọ́. Nítorí náà, lásìkò òjò, ọkọ̀ kì í dá wọ odò náà. Ọkùnrin méjì ní í kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ọ̀kan ní etí òkúta lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, awakọ̀ yóò sì máa tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́ láàárín. Wọn kì í gbowó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe a fún wọn lóbì, tàbí kó ṣáà dúpẹ́.

Ọpẹ́ kì í jáde lẹ́nu Àríyọ̀, ó máa ń há a lọ́fun ni. Láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti ń fi ìbínú tẹ̀ lé wọn bẹ́ẹ̀, tí yóò máa kùn nínú ọkọ̀ pé wọ́n ń da òun bí màlúù. Débọ́lá ló sì ń bí i nínú jù. Débọ́lá, ọlọ́kadà abà, géńdé tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí kò wọ jíìpù rí àfi kó bá wọn tì í, òun ni yóò máa juwọ́ sí ẹni tó ti wakọ̀ fún òyìnbó pé “Ẹ yà díẹ̀ síbí”! Àríyọ̀ rò ó títí, ó ní ó ti yé òun. Kí ni wọ́n fi ń wá ibi tí omi kò jìn sí? Kí omi má bàa wọ ẹ́ńjìnnì ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti lè máa rí afẹ́fẹ́ fà lókè orí omi, kí odò jìn títí kó kan ọ̀run àpáàdì, kò kan ọkọ̀ mọ́. Débọ́lá àti ọ̀pá rẹ̀, kí wọ́n lọ máa lé ẹyẹ lóko.

Kí á má parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó ra páìpù tó nípọn lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó ra méjì tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ọn. Ó lu mọ́gáàdì jíìpù lápá ọ̀tún, ó fi fáìlì ha ẹnu ihò náà kó má bàa gé páìpù. Láti ara àpótí fílítà tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́, ló ti fa páìpù náà jáde, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú, ó fi irin pẹlẹbẹ dè é mọ́ ara ọkọ̀ títí tó fi ga ju òrùlé lọ. Gbogbo oríkèé rẹ̀ ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ó sì tún fi rọ́bà tíúbù táyà wé wọn pinpin. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ àpótí fílítà tí omi òjò máa ń gbà jò dànù. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe irú páìpù yìí tí wọn kì í rántí ihò náà, ibẹ̀ náà ni odò máa ń gbà wọlé bá wọn. Àríyọ̀ rántí rẹ̀, ó dí i pa. Lókè pátápátá, ó fi agolo mílíìkì dé ẹnu páìpù, ó sì kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn nítorí eruku.

Misturat jáde láti ìdí agbada gàrí, ó wo ọkọ̀ náà lókè, ó wò ó nílẹ̀.

“Baálé mi,” ló wí, “ẹ ti ki ìkòkò tábà bọ ọkọ̀ lẹ́nu.”

Àríyọ̀ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Obìnrin tó ń rùn fún omi gbágùúdá, ṣé òun ni wọn yóò máa ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún?

Ní Ọjọ́rú, ó wa jíìpù náà dé etí odò. Òjò ti dá díẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, omi kò ju orúnkún lọ, òkúta sì hàn kedere. Ẹlòmíràn ì bá ti kọjá lọ bá ìyá rẹ̀. Àríyọ̀ kọ́kọ́ pe gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ jọ. Ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ó gun orí táyà, ó ṣí agolo, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu páìpù. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

“Ẹ rí i?” ló wí. “Kò sí ibòmíràn tó ti ń rí afẹ́fẹ́ fà àfi ibí yìí. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò gbà, omi kò lè gbà á. Irú èyí ni mo rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n,” ni Débọ́lá wí. “Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Òkúta ńkọ́? Páìpù ò lè sọ ibi tí òkúta parí sí fún yín o.”

“Òkúta? Ìwọ gan-an ni òkúta! Ká ní orí rẹ yìí ni wọ́n tò síbẹ̀ ni, odò ì bá ti dí láti ọjọ́ yìí.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Débọ́lá ń fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀. Àríyọ̀ sọdá wẹ́rẹ́, ó sì sùn sílé ìyá rẹ̀.

Òjò kò rọ̀ ní Abà Olókè lóru náà, ṣùgbọ́n ó rọ̀ lókè odò lọ́hùn-ún. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, odò ti gun orí àgbàdo tí wọ́n gbìn sí etí rẹ̀, ó pọ́n, ó ń ru gùdù, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Débọ́lá àti ẹnì kejì rẹ̀, Mákánjúọlá, ti ká ṣòkòtò, wọ́n mú ọ̀pá dání. Màmá ti jókòó síwájú jíìpù, ó wé gèlè rẹ̀ tó dára jù, ó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣáájú,” ni Débọ́lá wí. “Omi á tó àyà wa, àmọ́ ẹsẹ̀ wa mọ òkúta.”

“Ẹ yà fún mi lọ́nà. Àbí ẹ ò rí páìpù ni?”

“Àríyọ̀, jẹ́ kí wọ́n ṣáájú,” ni màmá wí.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọgbọ́n ayé àtijọ́ nìyẹn.”

Ó wọ inú odò. Kí á sọ òtítọ́, kí ojú ti ẹni tí yóò tì: páìpù náà ṣiṣẹ́. Omi bo táyà, ẹ́ńjìnnì ń lọ. Omi gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fọ́ lu gíláàsì, ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ wúkọ́. Lókè orí rẹ̀, páìpù ń fa afẹ́fẹ́ ṣùn-ùn. Àwọn tó wà létí odò pariwo. Inú Àríyọ̀ dùn débi pé ó yọ ọwọ́ kan jáde láti ojú fèrèsé, ó na ìka márààrún sẹ́yìn sí Débọ́lá. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Kó tó fa ọwọ́ náà padà, táyà iwájú lápá òsì kò rí òkúta tẹ̀ mọ́, ó já sínú kòtò gbì, ti ẹ̀yìn sì tẹ̀ lé e.

Jíìpù dẹ̀gbẹ́. Omi rọ́ wọlé dé àyà Àríyọ̀, ó dé itan màmá, ẹni tó wà lápá òkè. Ọkọ̀ kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àríyọ̀ nìkan ló mọ ohun tó kù. Sàlẹ́ńsà jíìpù ti wà nísàlẹ̀ omi. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń tẹ tòróòtù, èéfín yóò máa ti omi jáde. Bó bá yọ ẹsẹ̀, omi yóò gba inú sàlẹ́ńsà gòkè, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì di ohun tí àwọn tó ń ra àlòkù irin ń gbé sórí ìwọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fọwọ́ wá a kiri nínú omi. Ẹsẹ̀ kan péré ló ní láti yọ, kó gbé ìyá rẹ̀, kó máa lọ.

Kò yọ ọ́.

“Débọ́lá!” ló pariwo. “Ẹ wá gbé Màmá o!”

Débọ́lá ti wà nínú omi kó tó pè é. Òun àti Mákánjúọlá ń fi ọ̀pá tọ́ ilẹ̀ wò, wọ́n ń bọ̀ lórí òkúta níṣísẹ̀ níṣísẹ̀, títí wọ́n fi dé fèrèsé apá ọ̀tún. Débọ́lá kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀. Mákánjúọlá fà, Àríyọ̀ fi ọwọ́ kan tì láti inú, wọ́n sì yọ arúgbó náà láti ojú fèrèsé bọ́ sí ẹ̀yìn Débọ́lá.

Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀, ìró omi pọ̀. Màmá kò rí ẹni tó pọ̀n ọ́n, kò sì béèrè. Ta ni yóò tún gbé ìyá sọdá odò nígbà tí ọmọ wà níbẹ̀? Ó fọwọ́ méjèèjì di ọrùn géńdé náà mú, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé èjìká rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì Àríyọ̀ kì í.

“Àkànó, ọkọ mi! Àkànó tó ń gbé ìyá rẹ̀ kọjá omi. O káre, ọmọ mi. Ọmọ tìrẹ náà á pọ̀n ọ́. O káre, Àkànó.”

Débọ́lá dúró díẹ̀. Ó yíjú, ó wo Àríyọ̀ láti ojú fèrèsé, ẹni tí omi dé àyà, tó di ìdarí ọkọ̀ mú.

“Hẹn, Màmá,” ló dá arúgbó náà lóhùn. “Ẹ dì mí mú dáadáa.”

Àríyọ̀ la ẹnu láti ké pé, “Màmá, èmi rèé!” Ó rántí pé màmá yóò béèrè ibi tí òun wà. Ó pa ẹnu dé. Ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí ìhà Ìgànná, níbi tí Débọ́lá ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí lásìkò òjò. Ó rí i bí Débọ́lá ṣe gbé màmá jókòó, tó fi ìró dì í mọ́ra rẹ̀. Ó rí i pé ẹnu arúgbó náà ṣì ń mì, pé ó ń kì í lọ. Ọ̀kadà kọjú sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn.

Àríyọ̀ tẹ tòróòtù.