Màmá Tó Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Wo Fíìmù

Ọ̀tá ti gbé àdá sókè, ọmọ ọba ti wà lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo àwa ọmọ tí a há mọ́ra lórí ẹní ti ń pariwo, ni Màmá bá na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ọmọ ọba la ẹnu, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ìró odó àwọn tó ń gún fùfú lágbàlá nìkan ló kù, àti ti ọmọkùnrin tó ń pe èrò sọ́kọ̀ lójú títì, "Kejetia, Kejetia." Inú bí mi débi pé omi lé sí mi lójú. Fíìmù síìdì tí Màmá ń fi hàn wá lọ́jọ́ Sátidé yìí ni mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ retí.

Màmá ò wojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi òrí pa ẹsẹ̀ wọn lọ ní tiwọn. Wọ́n wá bi wá pé, nígbà tí kò sí ariwo mọ́ yìí, ta ni ẹ̀rù ń bà jù nínú àwọn tí à ń wò. A ní ọmọ ọba ni. Wọ́n dá fíìmù náà padà díẹ̀, wọ́n ní ká tún wò. Ìgbà yẹn ni mo tó rí obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn, tó gbé igbá omi dání. Kò sọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ṣùgbọ́n omi inú igbá ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀. Mo ti wo fíìmù yẹn láìmọye ìgbà, n kò rí i rí. Ìbínú mi rọlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí obìnrin yẹn mọ̀ tí àwa ò mọ̀.

Ilé ńlá oníyàrá púpọ̀ ni ilé wa ní Moshie Zongo, àdúgbò àwa àlejò ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù nílẹ̀ Asante. Ìdílé wa tó ti Ìlọrin wá ló gba apá kan. Màmá, tí àwọn baba wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ń gbé yàrá tó wà ní igun. Wọn kì í ṣe ẹbí wa, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan nínú ilé tí kò jẹun lọ́wọ́ wọn rí tàbí tí wọn ò nà rí. Fọ́tò ni ọkọ wọn ń yà ní Ashanti New Town nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn èèyàn sọ pé Màmá á ta àwọn kámẹ́rà rẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n tà wọ́n, wọ́n fi owó rẹ̀ ra ti fídíò, wọ́n ń fi ya ìgbéyàwó.

Iṣẹ́ náà bá wọn mu, nítorí pé láàárín wa, ọkùnrin kì í gbé kámẹ́rà wọ yàrá tí wọ́n ti ń fi làlí sí ìyàwó lọ́wọ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ṣí orí sílẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bó ṣe wù wọ́n. Màmá ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Òórùn tùràrí yàrá ìyàwó kì í kúrò lára aṣọ wọn, títí kan èyí tí wọ́n ń wọ̀ sùn.

Bí a bá ti ilé kéwú dé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á kó àwa ọmọbìnrin ilé jọ, wọ́n á máa kọ́ wa ní iṣẹ́ fíìmù. Ìyá mi ní torí pé wọn ò bímọ ni. Èmi rò pé ohun tó wà lọ́kàn wọn pọ̀, wọn ò rẹ́ni bá sọ ọ́ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ ya ìyá tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ya ìkòkò, mo ya èéfín, mo ya àkàrà tó ń wú nínú òróró. Mo padà wá, mo ń yan bí ẹni tó ti gba ẹ̀bùn. Màmá wò ó tán, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n ta ni ebi ń pa níbẹ̀? Wọ́n dá mi padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo rí káfíńtà kan tó di abọ́ òfìfo mú. Bí ṣíbí bá ti gòkè láti inú ìkòkò, ojú rẹ̀ á tẹ̀ lé e dé inú abọ́ ẹlòmíràn, á sì gbé itọ́ mì. Mo ya òun náà.

Nígbà tí Màmá to àwòrán méjèèjì tẹ̀ léra lórí kọ̀ǹpútà wọn, ìkòkò, lẹ́yìn náà ojú káfíńtà, itọ́ kún èmi fúnra mi lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ mo ti jẹun yó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un ṣe, kí n lè rí ibi tí idán yẹn wà. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi sú wọn.

"Inú ìkòkò nìkan kọ́ ni ìtàn ń gbé," wọ́n ní. "Ó ń gbé lójú ẹni tó ń retí."

Àtìgbà náà ni ìwé kíkà mi ti yí padà. Ìtàn àgbẹ̀ kan wà nínú ìwé tí à ń kà nílé ìwé, tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo ti há a sórí, mo sì kórìíra rẹ̀. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lọ́dọ̀ ọmọ àgbẹ̀ náà, ni ẹni tó kọ ọ́ fi wá sí. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́ ẹkún bàbá tí a ò rí ojú rẹ̀. Mo bi olùkọ́ wa bóyá àwọn tó ń kọ̀wé náà ní kámẹ́rà. Ó ní kí n lọ jókòó. Mo bi Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Tóò, kí lo rò pé wọ́n fi ń wòran?"

Kò pẹ́ ni ọ̀rọ̀ di ti ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ lọ́kọ. Ọmọ Asante ni ọkùnrin náà, aṣọ ló ń tà ní ọjà Kejetia, kò sì tíì pẹ́ tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàbá, tí wọ́n wà ní Ìlọrin, tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé ìrìn mọ́, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní torí obìnrin ló ṣe gba ẹ̀sìn, pé bí obìnrin bá ti wọlé tán, ẹ̀sìn á bá ẹnu ọ̀nà jáde. Wọ́n ní obì yìgì náà kò ní kan ẹnu àwọn. Bàbá mi kì í ré ọ̀rọ̀ ìyá wọn kọjá. Wọ́n wá pinnu pé àwọn á so yìgì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò ní lọ sílé ọkọ títí Ìyá àgbà á fi rí fídíò rẹ̀, tí wọ́n á sì jẹ obì. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, a ó bẹ ọkọ kó tú yìgì ká. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ yìgì, Màmá wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyàwó. Èmi ni wọ́n fi kámẹ́rà kejì rán sí iwájú mọ́ṣáláṣí, nítorí pé mo ṣì kéré, kò sẹ́ni tó máa lé mi láàárín àwọn ọkùnrin. Àfáà mọ ohun táwọn èèyàn ń sọ, wọ́n ní kí ọkọ ka Fátíhà létí gbogbo wa. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé àárín, ó dákẹ́. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ní "haba" lábẹ́ ohùn. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà rẹ̀. Ó di ojú, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kà á parí. Wọ́n pín obì.

Lórí kọ̀ǹpútà, Màmá so tèmi àti tiwọn pọ̀. Bí ọkọ ṣe dákẹ́, ni a bọ́ sínú yàrá ìyàwó, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ làlí sókè, kò mira. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ó ń bá a ka ibi tó gbàgbé, láìsí ohùn. A padà sọ́dọ̀ ọkọ, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi wò ó, wọ́n ní kí Màmá gé ibẹ̀ kúrò. Wọ́n ní bí ìyá àwọn bá rí i pé ó gbàgbé Fátíhà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

"Bí mo bá gé e," Màmá ní, "ọkùnrin tó mọ Fátíhà ló kù. Irú wọn kún Ìlọrin. Ẹni tó gbàgbé lójú gbogbo ayé tí kò sá lọ, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ìyá yín rí."

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀." Bàbá dìde, wọ́n mú síìdì tí Màmá kó fídíò náà sí láìgé e, àti obì, wọ́n lọ wá oníṣòwò kan tó ń lọ sí Ìlọrin.

A retí títí. Nígbà tí Ìyá àgbà pè, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ní àwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n sáré lọ pè é wá láti Kejetia. Bàbá gbé fóònù sórí àga kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ṣé ìwọ lo gbàgbé?" Ìyá àgbà bi í.

"Aane, Nana. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà, èmi ni."

"Kà á fún mi."

Ó kà á. Nígbà tó dé ibi tó ti gbàgbé lọ́jọ́ yìgì, ó fẹ́ dúró. Ìyá àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ kà á parí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sunkún. Bàbá bi ìyá wọn, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bóyá wọ́n á jẹ obì.

"Obì ti wà lẹ́nu mi kí n tó pè yín," Ìyá àgbà ní.

Ọjọ́ ti pẹ́. Màmá ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ, èmi náà sì ti dàgbà. Mo ti wo fíìmù púpọ̀, mo sì ti ka ìwé púpọ̀. Èyí tó bá dán jù, tí kò sẹ́ni tó ṣì ọ̀rọ̀ sọ nínú rẹ̀, mo máa ń bi ara mi pé kí ni wọ́n gé kúrò. Mo sì ń fẹ́ mọ̀ nípa Màmá pàápàá, ẹni tí mi ò bi léèrè nígbà tí àyè wà. Wọ́n ti ya gbogbo Zongo tán, ojú wọn ò sì sí nínú fídíò kankan.

Láìpẹ́ yìí, mo tún wo ti ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó kan ibi tí ọkọ ti dákẹ́, mo di ojú, mo kàn ń gbọ́. Yàrá àwọn obìnrin pa rọ́rọ́. Nígbà tí ohùn ọkọ tún wọ inú yàrá náà, ẹnì kan tó sún mọ́ kámẹ́rà ju gbogbo àwọn yòókù lọ mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju ìyàwó lọ. Mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ. Màmá ni.