Ọjọ́ tí Ọ̀rọ̀ Pòórá Lẹ́nu Mi

Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ nípa Nàìjíríà ní kíláàsì wa ní Houston kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Ara mi kò balẹ̀ láti àárọ̀. Mo ti ya àwòrán obìnrin Nàìjíríà kan, abiyamọ tó di dókítà láyé àtijọ́, Màmá Àgbà sì bá mi wá. Nígbà tí tíṣà pè mí síwájú, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo há sórí pòórá.

“Àdùkẹ́, èmi ni kí o sọ ọ́ fún,” ni Màmá Àgbà wí láti ẹ̀yìn.

Mo kọjú sí wọn, mo fi Yorùbá mi tó ń ta kókó sọ ìtàn obìnrin náà tán.

“Ta ló ń bá a tọ́jú ọmọ nígbà tó ń kàwé?” ni Màmá Àgbà bi mí.

Bí mo ṣe ń túmọ̀ ìbéèrè wọn fún kíláàsì ni Gẹ̀ẹ́sì mi padà. Tíṣà yìn mí, ṣùgbọ́n títí di òní, mo ṣì ń wá ìdáhùn náà.