Sólà Tí N Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gbé Gun Òrùlé

Nígbà tí ọkùnrin tó ń ta sólà fẹ́ so rédíò rẹ̀ mọ́ ọn kí gbogbo wa lè rí i, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yí rédíò náà padà, mo sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí àga níwájú Baálẹ̀.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá kékeré, èyí tí mo fi ń gbọ́ ìròyìn lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ó so wáyà méjì láti ara sólà mọ́ rédíò. Rédíò sọ̀rọ̀ ketekete, àwọn èrò hó yèè. Mo dìde, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo igun kan péré lára sólà náà. Ohùn rédíò lọ sílẹ̀, ó dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń wò ó bóyá wáyà kan wà tó fara pamọ́ síbì kan. N kò rí ọ̀kan.

"Ó tẹ́ ọ lọ́rùn?" Baálẹ̀ ló béèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, Bàbá."

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, físíìsì ni mo kà, mo sì ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé kan ní Ajah. Abúlé wa kò jìnnà síbẹ̀, etí ọ̀sà ló wà, ṣùgbọ́n iná ìjọba kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí tí a fi ń wá sólà ni fìríìjì ilé ìtọ́jú, níbi tí nọ́ọ̀sì ń kó oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Kẹrosín ni èyí tó wà nílẹ̀ ń lò, kẹrosín sì ti di ohun tí à ń fi ìjàkadì rà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oògùn ti bàjẹ́ sínú rẹ̀. Ọ̀gá kan wá láti ìjọba ìbílẹ̀, ó ní bí ó bá tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn yóò gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa. Kò sí ìyá ọmọ tí ọ̀rọ̀ yẹn kò yé. Èkó ni wọn yóò máa gbé ọmọ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní lọ. Èmi náà ní àbúrò kan tó kú lọ́mọ ọdún méjì kí a tó ní ilé ìtọ́jú. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan ní kí a ra jẹnẹrétọ̀. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ni yóò máa bu epo sí i tọ̀sán tòru, kò sí ẹni tó gbà á. Mo fara mọ́ sólà nítorí pé iyèméjì tí mo ní nípa rẹ̀ kéré ju èyí tí mo ní nípa jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹni tó ń tà á gan-an ni ọkàn mi kò gbà. Ẹnu rẹ̀ dùn jù, Baálẹ̀ sì ní kí n máa ṣọ́ ọ.

"Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?" mo bi í.

"Bátìrì á gbé e."

"Ọjọ́ mẹ́rin?"

"Á gbé e."

"Ọ̀sẹ̀ kan?"

Ó bọ́ jígí dúdú ojú rẹ̀. "Ọ̀gá kékeré, tí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní abúlé yìí, ẹ̀yin gan-an á ti léfòó dé Bàdágìrì."

Gbogbo èrò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kò dáhùn ìbéèrè náà.

Lọ́jọ́ tó kó sólà mẹ́rin, bátìrì ńlá méjì àti fìríìjì tuntun dé, ó gbé àkàbà ti ilé ìtọ́jú, ó fẹ́ gun òrùlé. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Mo rò ó pé bí ó bá gbé wọn sókè, ta ni yóò rí i bí ọ̀kan bá ti sán? Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́? Mo ti ní kí káfíńtà fi pákó kan nǹkan bíi tábìlì, kò ga ju ìbàdí lọ, ní ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú, níbi tí igi kankan kò ti ṣíji bò ó.

"Ibí yìí ò dáa o," ọkùnrin náà wí. "Sólà tó bá wà nílẹ̀, gbogbo ayé ló ni ín."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nílẹ̀ gan-an nìyẹn."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó to àwọn sólà náà sórí tábìlì. "Ẹ ṣáà rántí pé mo sọ ọ́."

Láàárọ̀ kí n tó lọ sí Ajah, àti nírọ̀lẹ́ tí mo bá dé, mo máa ń fi mítà wo agbára bátìrì, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òjò, ohun gbogbo lọ déédéé. Bí òjò ṣe wá lọ tí ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í mú edé wá, agbára bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn rú mi lójú. Oòrùn ń pọ̀ sí i, iná ń dín kù. Ohun kan ṣoṣo ni mo rò pé ó lè fa irú èyí: ògbólógbòó bátìrì ni ọkùnrin yẹn kùn lọ́dà tà fún wa.

Nọ́ọ̀sì pè mí ní Ọjọ́rú. "Tíṣà, ẹ wá wo nǹkan yìí o. Ooru inú fìríìjì ti ń sún mọ́ ìlà pupa. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò."

A kó oògùn sínú kúlà. Yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń tọ́jú ẹja ní Ajah ni mo rà sí i, mo sì ń rà á bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ó dé ní Ọjọ́bọ̀, nírọ̀lẹ́. Ó yẹ bátìrì wò, èmi náà sì fi mítà tèmi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀.

"Bátìrì yìí ò lárùn lára," ó ní. "Ebi ló ń pa á." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ojú sólà. "Kí ló dé tí eléyìí ń rùn bí ẹja?"

"Kí ni kì í rùn bí ẹja ní abúlé wa?"

"Ṣé ẹ máa ń wà níbí lọ́sàn-án?"

Mo rí i pé ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Mo ní kó pààrọ̀ bátìrì tàbí kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Addo ni òun yóò wà títí di ọjọ́ Àìkú, bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ilé ìwé tètè parí nítorí ìrun. Nọ́ọ̀sì ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé kejì gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe lọ́sàn-án. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú kọjá. Ìyá tó bí bàbá mi dúró síbẹ̀, ó ń fi ọ̀pá lé adìẹ. Edé ló sá kún ojú sólà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ́ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sí àyè tí ìka lè kàn.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe?"

"O ò rí i ni? Mò ń sá edé."

"Lórí sólà!"

"Ìwọ náà lo sọ fún wa pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba oòrùn. Ó sì ń gbà á lóòótọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí, edé á ti gbẹ. Kò ní yanrìn, ewúrẹ́ ò tó o. Èmi àti ìyàwó káfíńtà la jọ ń lò ó. A máa ń nù ún mọ́ kí o tó dé."

Mo rántí igun kan tí mo fi ọwọ́ bò, àti bí rédíò ṣe dákẹ́.

"Ìyá, ẹ ti fẹ́ ba oògùn àwọn ọmọ jẹ́."

Ọ̀pá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Oògùn? Èwo ló kan oògùn?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá edé sínú abọ́. Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Ta wá ló ní kí wọ́n gbé e síbi tí ọwọ́ mi tó?"

Mo lọ sọ fún Baálẹ̀ pé ẹ̀bi mi ni.

"Ìwọ tí a ní kó ṣọ́ ọkùnrin yẹn?"

"Òun ni mo ń ṣọ́, Bàbá. N kò ṣọ́ ilé."

Mo lọ bá ọkùnrin náà ní Addo kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé bátìrì tó ti kún wá, ó gun òrùlé, ó kan sólà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn. Èmi ni mo di àkàbà mú fún un. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó so rédíò mọ́ wáyà, rédíò náà sì ń sọ̀rọ̀. Ó na rédíò sí mi.

"Ọ̀gá kékeré, ẹ tú u wò."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín. Mo tú u wò. Kò sí bátìrì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá láti ìjọba ìbílẹ̀ ṣí fìríìjì, ó wo ìwọ̀n ooru, ó yẹ ìgò oògùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì buwọ́ lùwé. Àwọn ìyá ọmọ ti tò síta. Tábìlì pákó ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mo kun páànù kan ní dúdú, mo tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ fún ìyá wa. Ó ní edé kì í tètè gbẹ lórí rẹ̀ tó ti sólà. N kò tíì wádìí ìyẹn.